ÌTUMỌ̀ ÀTI ÌLÒ HORMĒ, Ọ̀RỌ̀ GÍRÍÌKÌ ÀTIJỌ́ FÚN ÌRÌN KÍÁKÍÁ

Ìfáárà
Ọ̀rọ̀ kan nínú èdè kan kì í sábà bá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè mìíràn dọ́gba. Ògbufọ̀ tí kò bá ka èyí sí yóò ṣi ọ̀nà. Àfojúsùn àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ náà, hormē, ṣe àpẹẹrẹ, àti láti tọ́ka sí ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí nígbà tí ó bá ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtumọ̀.

Ìtumọ̀ Ìpìlẹ̀
Ọ̀rọ̀-orúkọ ni hormē. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a tan ni hormaō. Ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kí nǹkan fi ipá yára lọ síwájú. Nínú Iliad àti Odyssey, a lò ó fún iná tí ń jó igbó, fún ìgbì òkun tí ó bo Odysseus mọ́lẹ̀, àti fún ọ̀kọ̀ tí jagunjagun jù. Iná, omi àti ọ̀kọ̀ kò ní ọkàn. Eré àti ipá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Anabasis, Xenophon lò ó fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti múra tán láti gbéra. Wọn kò tíì gbé ẹsẹ̀, síbẹ̀ hormē ti wà.

Láti Ara sí Ọkàn
Ibi tí ìtumọ̀ ti yípadà nìyẹn. Ohun tí ń sún ẹsẹ̀ wá di ohun tí ń sún ọkàn. Pausanias tilẹ̀ kọ ọ́ pé pẹpẹ kan wà fún Hormē ní Áténì. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Sítóíkì, hormē ni ìsúnniṣe tí ń tẹ̀lé ìfọwọ́sí ọkàn ènìyàn. Bí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó di ìgbónára. Chrysippus fi ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe àpèjúwe rẹ̀: ẹni tí ń rìn lè dúró nígbà tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sáré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, eré yóò gbé e kọjá ibi tí ó fẹ́ dúró.

Ìṣòro Ògbufọ̀
Nínú Májẹ̀mú Tuntun, hormaō ni a lò fún nǹkan bí 2,000 ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rọ́ gìrìgìrì sínú òkun (Máàkù 5:13), àti fún àwọn tí wọ́n rọ́ lu Stéfánù (Ìṣe 7:57). Èyí kò nira. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni hormē fúnra rẹ̀ jẹyọ. Nínú Jákọ́bù 3:4, ìfẹ́-inú atukọ̀ tí ń darí ọkọ̀ ni. Nínú Ìṣe 14:5, ọ̀rọ̀ di méjì: ṣé àwọn ènìyàn ti kọlu Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ni, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò rẹ̀? Ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e sọ pé àwọn méjèèjì gbọ́, wọ́n sì sá. Bí ògbufọ̀ bá kọ ‘ìkọlù’, yóò ṣòro láti ṣàlàyé bí ẹni tí òkò ń bà ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa rẹ̀. ‘Ìgbìdánwò’ tàbí ‘ìpinnu’ ló bá àyíká ọ̀rọ̀ mu jù. Irú ìbéèrè báyìí ni Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti dojú kọ kí odidi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884.

Ìlò Òde Òní
Ní 1905, Ernest Starling mú orúkọ họ́mónù jáde láti ara hormaō, fún èròjà tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tí ó sì ń ta ẹ̀yà ara mìíràn jí sí iṣẹ́. Kì í ṣe eré èròjà náà ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí bí kò ṣe pé ó ń súnni ṣiṣẹ́.

Ìgúnlẹ̀
Rírọ́ lù, gbígbéra, ìsúnniṣe, ìfẹ́-inú àti ìpinnu: gbogbo wọn ni Yorùbá lè fi dípò hormē, kò sì sí ọ̀kan tí ó lè dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó gba ìtumọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ó yẹ kí ó bi í léèrè pé: kí ni ó ń gbéra? Ṣé ó ní ọkàn? Ṣé ó ti gbéra tán, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra? Ìwé atúmọ̀ èdè yóò to àwọn ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àyíká ọ̀rọ̀ ni yóò yan èyí tí ó tọ́.