Ìbọn Tí Ń Ki Ara Rẹ̀: Ibi Tí Òfin Fi Ààlà Sí fún Ọdẹ àti Àgbẹ̀

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà oko di ọ̀nà ẹ̀rù ni àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: nínú àwọn ìbọn tí ń ki ara wọn, tí wọ́n sì ń gba ọta ńlá bíi ti ológun, èwo ni ó ṣeé fọkàn tán tí àwọn lè rà? A kò fi ìbéèrè náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu ni ó ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè fi orúkọ ìbọn kankan dáhùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọlọ́pàá lè fún yín ní ìwé àṣẹ rẹ̀.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí ó ṣì wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Àwọn tí ó kà léèwọ̀ ni ìsọ̀rí kìíní: bọ́ǹbù, arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ológun. Òfin náà kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ìbọn ológun; ìwọ̀n ọta ni ó fi dá a mọ̀, èyíinì ni mìlímítà 7.62, mìlímítà 9 àti íǹṣì .300. Ìbáà jẹ́ pé ẹni tí ń tà á ń pè é ní ìbọn ọdẹ, ìwọ̀n ọta yìí ni òfin yóò wò. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni ó ní àṣẹ lórí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó sì kéré jù fún ẹni tí a bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan tí ojú ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa, FAL tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ṣe. Òun ni ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba àpapọ̀, DICON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1964, ń ṣe ní orúkọ NR1. Bí a bá yìn ín, díẹ̀ nínú agbára ẹ̀tù tí ó jó yóò ti irin kan sẹ́yìn, irin náà yóò ju páádi ọta dànù, yóò sì gbé ọta mìíràn wọlé. Àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó tún tirẹ̀ ṣe kí ó má bàa lè rọ̀jò ọta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń yìn. Síbẹ̀, ọta rẹ̀ ń sáré ju mítà 800 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè pa ènìyàn ní ibi tí ó jìnnà ju kìlómítà kan lọ. Kí ni ó wà ní kìlómítà kan sí oko yín? Oko kòkó ẹlòmíràn ni, tàbí abúlé, tàbí ilé-ìwé.

Ṣé ó ṣeé fọkàn tán? Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Wọ́n fi ohun kan sí i lára tí a fi ń dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù tàbí tí a fi ń fi kún un bí ìdọ̀tí bá pọ̀. Àwọn Bìrìtìkó gé ihò sí irin inú rẹ̀ kí iyanrìn lè ríbi bọ́ sí, iyanrìn aṣálẹ̀ sì dà á láàmú lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fi há àjà. Atúnbọnṣe ológun ni ó ń pa á mọ́, ọta tí a wọ̀n dáadáa ni ó sì ń jẹ.

Ìsọ̀rí kejì ni èyí tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lè fún ara ìlú láṣẹ rẹ̀: ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí méjì, ìbọn afẹ́fẹ́, àti irú wọn. Níbí ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ti ń ṣìnà. Òfin yọ ìbọn ọdẹ tí ń ki ara rẹ̀ kúrò nínú ìsọ̀rí yìí, ó sì yọ èyíkéyìí tí ó ní ẹ̀rọ ìkìbọn, títí kan èyí tí à ń pè ní pọ́ǹpù. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn yòókù tí à ń ki láti ẹnu. Ní tiwa, ẹlẹ́nu méjì ni a rò pé ó yẹ ọdẹ: bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ẹ ó fi ojú yín rí i bóyá ọta wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan ń bi wá pé kí ló dé tí ìjọba ìpínlẹ̀ kò fi yí i padà. Ohun ìjà ni nọ́ńbà 2 nínú àkójọ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí nínú ìwé òfin ọdún 1999. Olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó fi ohùn rara bèèrè ìbọn tí ó lágbára fún Àmọ̀tẹ́kùn ní ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Àbújá ni ó ti lè yí padà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 17, kí orí rẹ̀ pé, kí ojú rẹ̀ ríran dáadáa, kí ó má jẹ́ ọ̀mùtí, kí ilé ẹjọ́ má sì ti dá a lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ìwé àṣẹ bàbá kò bo ọmọ: bí ẹ bá jogún ìbọn, ẹ lọ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ yín létí, kí ẹ sì béèrè níbẹ̀ bí ẹ ó ṣe gba tiyín.