Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Nínú Ìwé Ọjà

 

Àwọn àgbà ní, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni, bí ẹni méjì bá jókòó tira wọn. Ẹ ó rí ojú ara yín. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ẹnì kan, á béèrè pé, "Mélòó lẹ ní?" Ṣùgbọ́n ìwé kò ní ẹnu tí ó lè fi dáhùn. Ohun tí ẹ bá kọ sí i nìkan ni ó lè sọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ ìwé ọjà gbọ́dọ̀ kọ odidi ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá aláta kan

Ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ níhìn-ín, ìyá aláta kan wà nínú kíláàsì wa. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dá ìwé kọ, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Bàbá olóko kan ní ọ̀nà Ifọ́n ni ó kọ ọ́ sí, ó sì fi rán dírẹ́bà. Ohun tí ó kọ nìyí: "Ẹ fi ata ránṣẹ́ ní ọjọ́ karùn-ún òní. Kí ó pọ̀ díẹ̀." Ó tán.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá fẹ́ kí ata dé, nítorí pé ó ń lọ síbi ìsìnkú ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà nílé ìwé ni ó bá a ka ọjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ó ka márùn-ún, ó bọ́ sí Àbámẹ́ta. Bàbá olóko ka tirẹ̀ bí àwọn baba wa ti ń kà á, òní pẹ̀lú nínú rẹ̀: Ajé kan, Ìṣẹ́gun méjì, Ọjọ́rú mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, Ẹtì márùn-ún. Bàbá kò ṣì í kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń ka ìjẹta àti ọjà ọrọọrún. Ọmọ náà kò sì ṣì í kà, bí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn.

Ata dé ní ọjọ́ Ẹtì. Agbọ̀n mẹ́ta ni ìyá ń retí, ṣùgbọ́n lójú bàbá, agbọ̀n mẹ́fà ni "pọ̀ díẹ̀". Dírẹ́bà bá ìlẹ̀kùn ní títì, ó já a sílẹ̀ níwájú ìsọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn pa á, òjò pa á. Nígbà tí ìyá fi máa dé, ata ti ń jẹrà.

Ìyá ní òun kò ní sanwó. Bàbá ní ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe ni òun ṣe. Àwọn tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣòwò fún ọdún pípẹ́ kò kí ara wọn mọ́. Wọ́n wá pe àwa olùkọ́ kí a wá wo ìwé náà. A wò ó títí. Ìwé náà kò parọ́, kò kúkú sọ nǹkan kan tí ó yanjú ni. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n pín gbèsè náà sí méjì, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá fẹ́ẹ̀ lè sọ pé òun kò ní kọ̀wé mọ́ láyé.

A kò dá a lẹ́bi. A ti kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì, a kò tíì kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ tí a fẹ́ rán. Ìdí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

Àwọn baba wa náà ṣọ́ra

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Bí wọ́n bá so ẹyọ owó mẹ́fà pọ̀, ẹ̀fà nìyẹn, ó ń sọ pé, "Ọkàn mi fà sí ọ." Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, "Ọ̀rọ̀ wa jọ" ni. Ẹni tí ó dì í mọ iye tí ó dì, ẹni tí ó gbà á yóò sì kà á dáadáa. Bí ẹyọ kan bá jábọ́, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé yín rí.

Ìbéèrè mẹ́fà

Kí ẹ tó fi ìwé ọjà ránṣẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ta ni ó kọ ọ́, ta ni a kọ ọ́ sí? Kí ni a fẹ́? Mélòó? Ọjọ́ wo? Níbo? Owó ńkọ́?

Nígbà tí ìyá aláta gbà láti tún ìwé kọ, bí a ti jọ tò ó nìyí:

"Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, ọdún 2025.
Sí Bàbá Olóko.
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi agbọ̀n ata rodo 3 (mẹ́ta) ránṣẹ́ sí ìsọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí ó dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 11 oṣù yìí, ní àárọ̀. N kò ní sí nílé ní ọjọ́ Ẹtì. Mo fi owó agbọ̀n méjì rán dírẹ́bà. N ó san ti ẹ̀kẹta nígbà tí ọjà bá dé. Bí ata kò bá tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èsì ránṣẹ́.
Èmi ni, Ìyá Aláta."

Ṣé ẹ rí i? Kò gùn, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè ṣì í gbọ́.

Ohun mẹ́rin mìíràn

Èkíní, ẹ má ṣe kọ "ọ̀la" nìkan. Bí ìwé bá sùn lọ́nà, ọ̀la ti di òní. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ àti iye ọjọ́ oṣù.

Èkejì, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ "igba" láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá igba ni, tí í ṣe ọgọ́rùn-ún méjì, tàbí igbá tí a fi ń bu omi? Bí fóònù yín kò bá ní àmì, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí yóò là á yé ẹni tí ń kà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ owó lẹ́ẹ̀mejì: ₦5,000, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Òdo kan tí ó bá sọnù lè ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ àwìn sínú ìwé: ọjọ́ tí a gbà á, ọjà tí a gbà, iye owó, ọjọ́ tí a ó san án. Ẹ kà á sí etí oníbàárà, kí ó fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ ìka. Ẹ rántí àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí wọ́n ń kiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àwọn òyìnbó, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò san, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn á ní òṣó ni àwọn ó máa ló títí àwọn ó fi gba owó àwọn. Ibẹ̀ ni a ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ìwé tí a jọ fọwọ́ sí lè gba ènìyàn lọ́wọ́ òṣó.

Ẹ ṣe èyí nílé

Ẹ kọ ìwé kan sí ẹni tí ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹlòmíràn kà, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé náà. Ìgbà tí kò bá rí ohun kan béèrè mọ́, ìwé yín ti di odidi nìyẹn.