Ògiri Kì Í Wo Ibà: Ẹ Jẹ́ Ká Náwó Sórí Òṣìṣẹ́ Ìlera

Lójú ewé yìí, ọ̀rọ̀ ilé rírà, owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì la sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, owó tí à ń dá jọ fún ìlera ìlú la fẹ́ yẹ̀ wò, pàápàá èyí tí a fi ń bá ibà jà.

Kò sí ẹni tí ibà kò mú rí nínú wa. Àjọ WHO ṣírò pé ní ọdún 2023, nǹkan bíi 597,000 ènìyàn ni ibà pa ní gbogbo àgbáyé. Bí a bá ka ẹni mẹ́wàá nínú wọn, bíi mẹ́ta jẹ́ ará Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù.

Ohun tí a rà àti ẹni tí yóò lò ó

Bí ẹgbẹ́ ìlú bá dáwó ìlera jọ, ilé ìwòsàn kékeré, bẹ́ẹ̀dì, jẹnẹrétọ̀ àti àwọ̀n ẹ̀fọn la máa ń rà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣírò owó mọ̀ pé ohun tí a rà lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí ohun tí a ó máa san lóṣooṣù. Ilé ìwòsàn tí kò ní òṣìṣẹ́ dà bí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹni tí yóò tajà.

Ẹ wo àyẹ̀wò ibà. Láti ọdún 2010 ni WHO ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ènìyàn ní oògùn ibà. Ẹ̀jẹ̀ kán tótó, ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èsì ti dé. Ó dà bí iṣẹ́ tó rọrùn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ jù nílé ṣì lè sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí aláìsàn ti lo oògùn tí ara rẹ̀ sì ti yá. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni yóò béèrè ohun tí ọmọ náà ti lò. Bí ọmọ bá ń gìrì, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni yóò wọ̀n ọ́n kó tó fún un ní abẹ́rẹ́ artesunate, torí ìwọ̀n ọmọ la fi ń mọ ìwọ̀n oògùn.

Ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè

Ní ọdún 1963, ènìyàn 17 péré ni wọ́n rí tí ibà mú ní gbogbo Sri Lanka. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí, ọwọ́ wọn sì dẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1969, iye àwọn tí ibà mú ti ju 500,000 lọ. Ọdún 2016 ni WHO tó jẹ́rìí sí i pé ibà ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò tú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ibà ká.

Ní Ṣáínà, tí WHO jẹ́rìí sí ní ọdún 2021, ètò tí wọ́n tẹ̀ lé ni 1-3-7: láàárín ọjọ́ 1, wọ́n ti fi tó ìjọba létí pé ibà mú ẹnì kan, láàárín ọjọ́ 3, wọ́n ti wádìí ibi tó ti kó o, láàárín ọjọ́ 7, wọ́n ti ṣe ohun tí kò ní jẹ́ kó ràn. Àwọ̀n ẹ̀fọn kò lè ṣe ìwádìí. Ènìyàn ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ jápa

Ní ọdún 2025, mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé ó lé ní 16,000 dókítà tó ti fi ilé sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé kíkọ́ dókítà kan ń ná ìlú ní ohun tó ju 21,000 dọ́là lọ. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìyàwó wa, àbúrò wa àti ọmọ wa wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn nílùú Ọba níbí. Ṣùgbọ́n gbèsè ni: ilé ló sanwó ẹ̀kọ́, ibòmíràn ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Bí a bá tún kọ́ wọn, ṣé wọn kò tún ní lọ ni?" Ìdí nìyí tó fi yẹ ká wo àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní CHEW. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, iṣẹ́ ìgbèríko gan-an ni wọ́n sì ń kọ́. Ìwé ẹ̀rí wọn kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe òun ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ọba.

Ìmọ̀ràn wa

Ká ní ẹgbẹ́ kan dá 10,000 pọ́n-ùn jọ. Bí wọ́n bá fi gbogbo rẹ̀ kọ́ yàrá sí yàrá, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi 4,000 tún ilé tí òṣìṣẹ́ yóò máa gbé ṣe, pẹ̀lú omi àti iná, 6,000 ló kù. Ẹ pín in sí ọdún mẹ́ta, ó di 2,000 lọ́dún fún owó ilé ìwé ọmọ ìlú tó ń kọ́ iṣẹ́ CHEW, àti fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. WHO náà sọ ọ́ nínú ìmọ̀ràn tó gbé jáde ní ọdún 2021 pé ẹni tí a bí ní ìgbèríko ni ká mú lọ kọ́ iṣẹ́ ìgbèríko, ká sì fún un ní ilé tó dára. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò ṣiṣẹ́ nílé fún iye ọdún kan. Àmọ́ ìwé nìkan kì í dá ènìyàn dúró. Owó oṣù tó ń wọlé déédéé àti ọ̀wọ̀ ni.

Owó oṣù yìí, ti ìjọba ni. Òfin Ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ìlú lọ béèrè èyí tó kan ilé ìwòsàn tiwa.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá tún fẹ́ ṣètò ìnáwó ọdún, ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò pé èló ni ti ògiri, èló ni ti ènìyàn. Kí Olódùmarè dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí. Àṣẹ.