Omi Tó Ń Jò Níwájú Mọ́tò: Gọ́ọ̀mù Ló Jẹ̀bi, Kì Í Ṣe Gíláàsì

Ẹjọ́ kan náà ni àwọn onímọ́tò Igbótako àti Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ máa ń rò nígbà tí òjò bá ti dé. Ọkọ̀ tó kó ẹyìn tàbí gẹdú ta òkúta sí gíláàsì iwájú lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, gíláàsì là, wọ́n ra òmíràn tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí wọn lẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé, "Gíláàsì Ṣáínà ni wọ́n tà fún wa." Ẹ jẹ́ ká tún ẹjọ́ yìí dá. Gíláàsì tí kò là kì í jò. Ibi tí omi gbà wọlé ni ibi tí gọ́ọ̀mù kò ti di gíláàsì mú mọ́ irin mọ́tò, ibi tí kò bá sì dì mú nínú òjò kò lè dì mú lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Ẹlẹ́rìí ni omi yẹn, ó sì yẹ ká gbọ́ ohun tó ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè parí ọ̀rọ̀ gíláàsì fúnra rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Saint-Gobain ti ilẹ̀ Faransé, Pilkington tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, AGC ti Japan àti Fuyao ti Ṣáínà ló ń ṣe gíláàsì fún àwọn tó ń ṣe mọ́tò, àwọn kan náà ló sì ń kó èyí tí kò ní orúkọ mọ́tò lára wá sọ́jà. Nítorí náà, "Ṣáínà" kì í ṣe èébú. Gíláàsì tó yẹ kí ẹ sá fún ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́wọ́ pé òun ló ṣe é. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ rẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà á ní DOT pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, á sì ní AS1, ìyẹn ni pé ó yẹ fún iwájú, ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ti Yúróòpù á ní lẹ́tà E nínú òbìrípo, pẹ̀lú 43R. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀bàyéjẹ́ máa ń ṣe ayédèrú àmì, nítorí náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí etí rẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Gíláàsì méjì ló yẹ kí ẹ rí, pẹ̀lú ọ̀rá tín-ínrín láàárín wọn, bí ìgbà tí a fi ẹ̀kọ lẹ bébà méjì pọ̀. Ọ̀rá náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.76 lọ, òun ni kì í jẹ́ kí àfọ́kù fò sí èèyàn lójú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé gíláàsì ẹlẹ́yọ kan wá fún iwájú, irú ti ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fọ́ wúruwúru bí iyọ̀, ẹ dá a padà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ wá nìyí: nínú mọ́tò òde òní, gíláàsì iwájú wà lára egungun mọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èábáàgì ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa ń jáde láti orí dáṣíbọ́ọ̀dù, òkè ló sì kọ́kọ́ ń gbà lọ. Á lu gíláàsì, gíláàsì á dá a padà sí àyà ẹni tó jókòó, gbogbo rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí gọ́ọ̀mù kò bá di gíláàsì mú, agbára yẹn á tì í síta, èábáàgì á tẹ̀ lé e, orí èèyàn á sì bá dáṣíbọ́ọ̀dù pàdé. Bí mọ́tò bá sì gbókìtì, gíláàsì tó lẹ̀ dáadáa wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí òrùlé tẹ̀ mọ́ èèyàn lórí. Gọ́ọ̀mù tó lè ṣe iṣẹ́ yìí ni urethane. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le, láti ẹ̀yìn ló sì ti ń le wọnú, díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí fífi ìka tẹ̀ ẹ́ wò fi ń tan èèyàn jẹ: ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Nínú ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, ó máa ń tètè le ju ìgbà ọyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni òfin. Òmíràn ń fẹ́ wákàtí kan, òmíràn ń fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Ìwà ìbàjẹ́ tí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ kò gba àlàyé gígùn. Àwọn kan ń fi sílíkónì tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé alumíníọ̀mù lẹ gíláàsì mọ́tò, wọ́n á sì gba owó urethane. Bí ẹ bá gbóòórùn kíkan bíi ti fínígà, ẹ dá wọn dúró: sílíkónì ni, kò lè gba ìjàm̀bá dúró, ó sì ń mú irin dógùn-ún. Àwọn mìíràn á họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ títí irin á fi hàn, wọn kò ní fi práímà kùn ún, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún lábẹ́ gọ́ọ̀mù tuntun, gọ́ọ̀mù á sì bá a ṣí. Ṣe ni ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé gọ́ọ̀mù àtijọ́, kí wọ́n ṣẹ́ mìlímítà kan sí méjì kù, kí wọ́n lẹ tuntun lé e. Ẹ má gbà kí ọwọ́ tó lóòógùn tàbí tó ní ọ́ìlì kan etí gíláàsì tí wọ́n ti nù. Ẹ má gbà kí wọ́n ṣe é ní gbangba nígbà tí òjò ń ṣú. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé gíláàsì lé ojú rẹ̀ láì tíì fi gọ́ọ̀mù sí i. Bí ìtẹ̀kọdọrọ rẹ̀ kò bá bá ti irin mu, gọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́, ẹ má pa ilẹ̀kùn gbà-á láì ṣí fèrèsé kan sílẹ̀, ẹ má sì gbé mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ti ń fi omi líle fọ ọkọ̀.

Ẹlòmíràn á ní Peugeot 504 ìgbà kan kò ní gọ́ọ̀mù, rọ́bà ni wọ́n fi há gíláàsì rẹ̀, ó sì pẹ́ láyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 504 yẹn kò ní èábáàgì, rọ́bà ni àwọn tó ṣe é sì ṣírò iṣẹ́ wọn lé. A kò lè fi òfin rọ́bà dá ẹjọ́ Camry. Ẹlòmíràn á ní owó ni kò sí, n kò sì ní fojú tín-ínrín wo ọ̀rọ̀ yẹn lásìkò yìí. Ibi tó yẹ ká ti dín owó kù ni orúkọ. Gíláàsì tí kò ní orúkọ Toyota lára, tó ní àmì, tó bá ojú irin mu, tí wọ́n fi urethane lẹ̀, sàn ju orijina tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tí etí rẹ̀ ti ta nígbà tí wọ́n ń fi wáyà gé e kúrò lára ọkọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn oníṣẹ́ pẹ̀lú á ní oníbàárà ni kì í fẹ́ san owó gọ́ọ̀mù gidi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ iye méjèèjì fún un, kí ó mọ èyí tó ń yàn. Ẹni tí wọn kò sọ fún kò yan ohunkóhun. Wọ́n yàn fún un ni.

Bí omi bá ti ń kán nínú mọ́tò yín báyìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sílíkónì dí i láti ìta, kí ó ní ó ti parí. Ẹ ní kí wọ́n yọ gíláàsì náà, kí wọ́n fi urethane tún un lẹ̀. Ihò tí wọ́n dí láti ìta lè má jò mọ́, ṣùgbọ́n gíláàsì ò tíì lẹ̀. Ẹlẹ́rìí nìkan ni wọ́n fún lẹ́nu pa.