Wúrà tó ń sun jẹjẹrẹ láti inú

Tí dókítà bá ní wọ́n máa yọ próstéètì bàbá kan nítorí jẹjẹrẹ, nǹkan méjì ló sábà máa ń já a láyà: kó má lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, àti kí nǹkan ọkùnrin ẹ̀ má ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé wọn ò lè jó ibi tí jẹjẹrẹ wà nìkan ni?

Naomi Halas àti Jennifer West, ní Rice University nílùú Houston, mú hóró silica, ohun tó wà nínú iyanrìn, wọ́n sì fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Nanoshell lorúkọ ẹ̀. Ẹ to 6,000 sórí ìlà, kò tíì gùn tó mìlímítà kan.

Kí ló dé tí wọn ò lo wúrà nìkan? Hóró wúrà roboto, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ló ń gbé mì jù, ìyẹn ò sì lè wọnú ẹran ara jìnnà. (Ẹ fi ọwọ́ bo tọ́ọ̀ṣì lálẹ́: pupa ló máa yọ.) Tí wúrà bá di èèpo lórí silica, ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa, tójú wa ò rí, ló máa gbà. Ìyẹn ń wọlé dáadáa.

Wọ́n á fa hóró náà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló máa gba púpọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ iṣan inú kókó jẹjẹrẹ máa ń jò, díẹ̀ á há síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tan lésà sí i, wúrà á gbóná, jẹjẹrẹ á jóná.

Lọ́dún 2019, àbájáde jáde láti Mount Sinai ní New York: nínú ọkùnrin 16, 15 gba ìtọ́jú náà parí, ìtọ̀ wọn àti nǹkan ọkùnrin wọn ò sì yí padà lọ́nà tó ṣe gbòógì. Èèyàn 16 kéré o. Jẹjẹrẹ tí ò tíì kúrò nínú próstéètì nìkan ni wọ́n sì dán an wò lára ẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ bàbá ló ń dé ọsìbítù nígbà tó ti tàn dé egungun.