Láti Ìmọ̀tà dé Ẹ̀pẹ́: Ohun tí À Ń Fò Dá ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó mọ Ìmọ̀tà nítorí ìrẹsì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí a ti ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó níbẹ̀, kò sí oníṣòwò tí kò gbọ́ orúkọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá parí òwò rẹ̀ tí ó sì yí padà kíákíá, ohun tí ó ju ìrẹsì lọ ni ó fi sílẹ̀ níwájú. Nítorí náà ni a ṣe ń pè yín sí ìrìn-àjò ọjọ́ kan.

Ìkòròdú ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti ìlú yìí títí di oṣù kẹta ọdún 1865, nígbà tí Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, rán ọmọ ogun wá tú wọn ká. Ọ̀nà òwò ni ìjà náà dá lé, nítorí ẹnu ọ̀nà láàrin ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè ni Ìkòròdú jẹ́.

Bí a bá ti Ìmọ̀tà kọjá dé Ìtóìkín, a ó yà sí Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà, níbi tí ọjà ẹja kì í ti í dá. Níhìn-ín ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá nígbà tí àwọn Òyìnbó fi ìbọn lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1851. Níhìn-ín náà ni ó ti bá Kọ́ńsù Campbell ṣe àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854. Ó padà sí Èkó ní 1862.

Ṣùgbọ́n olórí ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí wà nínú igbó. Èyí ni Erédò Ṣùngbọ́, yàrà tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká ní nǹkan bí ibùsọ̀ 100. Inú ilẹ̀ pupa líle ni a gbẹ́ ẹ sí, a sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ di òkìtì. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè tó ẹsẹ̀ bàtà 65. Igi bò ó lókè, ara ògiri náà sì tutù. Ìtàn sọ pé Bílíkísù Ṣùngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, ni ó gbẹ́ ẹ. Àwọn kan ní òun ni Ayaba Ṣébà. Ṣùgbọ́n Sólómọ́nì ti wà ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, yàrà yìí kò sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ògo rẹ̀ kò dín kù nítorí èyí: ọwọ́ àwọn baba wa ni ó gbẹ́ ẹ, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Ní Ìlú Ọba, ògiri Hadrian kò ju ibùsọ̀ 73 lọ, àwọn ènìyàn sì ń ti ilẹ̀ jíjìn wá wò ó. Àjọ UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé láti 1987. Tiwa wà nínú ìwé àwọn tí ń dúró láti 1995. Ní àkókò yìí, ọ̀nà ọkọ̀ ń là á kọjá, ọkọ́ àgbẹ̀ ń jẹ ẹ́, ilé sì ń súnmọ́ ọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ yà níbẹ̀. Kí ẹ kí àwọn àgbà ìlú, kí ẹ sì mú ọmọ ibẹ̀ ṣe amọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ ibẹ̀ déédéé, ẹni tí ó fẹ́ gbé katakata wọ inú yàrà náà yóò mọ̀ pé ojú ń wo òun.