Blumenau: Ìlú tí Àwọn Ará Jámánì Tẹ̀ Dó ní Bràsíìlì

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1850, ènìyàn mẹ́tàdínlógún láti ilẹ̀ Jámánì gúnlẹ̀ sí etí odò Itajaí-Açu, ní gúúsù Bràsíìlì. Apòògùn kan, Hermann Blumenau, ni ó dá ibùdó náà sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú náà ń jẹ́ títí di òní.

Ilẹ̀ náà ní olúwa. Àwọn Xokleng ni ó ń ṣọdẹ nínú igbó yẹn tẹ́lẹ̀. Bí oko àwọn àlejò ti ń gbòòrò ni igbó onílẹ̀ ń dínkù. Wọ́n tilẹ̀ gba àwọn ọkùnrin tí ń dọdẹ ènìyàn síṣẹ́. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ bí a bá ń ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ní 1880, Blumenau di ìlú tí ń ṣàkóso ara rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Hermann àti Bruno Hering, ọmọ ìyá kan náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ híhun níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ibùdó àgbẹ̀ di ìlú aláṣọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé-ìwé. Lẹ́yìn 1937, ìjọba Getúlio Vargas fẹ́ kí èdè Potogí nìkan jọba. Wọ́n ti àwọn ilé-ìwé tí ń fi èdè Jámánì kọ́ ọmọ pa. Nígbà tí Bràsíìlì wọ ogun àgbáyé ní 1942, ẹni tí ó bá sọ ọ́ ní gbangba lè dé àtìmọ́lé. Ọ̀pọ̀ òbí bá dákẹ́ níwájú ọmọ wọn.

Ní 1983 àti 1984, odò kún bo ìlú mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1984, wọ́n dá ọdún Oktoberfest sílẹ̀ láti gbé ìlú àti ọkàn ènìyàn dìde. Lónìí, olùgbé ibẹ̀ ju 360,000 lọ. Ijó àti aṣọ àwọn baba ńlá wọn padà wá, ṣùgbọ́n èdè Potogí ni a ń gbọ́ ní ọjà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, àwọn àgbà wa rántí “signal” tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn ní ilé-ìwé bí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Lónìí, kò sí òfin tí ó dí wa lẹ́nu nínú ilé wa. Bí a bá wá ń fi Faransé nìkan dá ọmọ wa lóhùn nídìí oúnjẹ alẹ́, ta ni a fẹ́ dá lẹ́bi?